Ọṣẹ olómi tó ki lónìí, tó ń ṣàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọṣẹ olómi ni mò ń pò tà fáwọn olóúnjẹ ní Lágere àti Mayfair, n'Ífẹ̀. Ìsọ̀ wọn ni mò ń gbé e lọ fúnra mi, kí èrè alágbàtà má bàa kún owó ọjà. Lọ́jọ́ tí mo bá pò ó, ó ki dáadáa. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ kan, á ṣàn wọ̀ọ̀, oníbàárà á ní omi ni mo bù sí i. Ó ká mi lára gan-an.

Mo fi iyọ̀ kún un, ó tún ṣàn sí i, torí iyọ̀ àpọ̀jù ń sọ Texapon, èròjà tó ń mú ọṣẹ hó, di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo rẹ nitrosol, ìyẹ̀fun tó ń mú ọṣẹ ki, mọ́jú, síbẹ̀ náà ni. Ṣé formalin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ bàjẹ́, ló kéré, tí kòkòrò àìfojúrí ń jẹ nitrosol, àbí kọ́sítíìkì (caustic soda) ló pọ̀ jù? Èló formalin lẹ máa ń dà sí lítà 20?