Ẹ ń gbọ́ mi báyìí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí pípe olùbánisọ̀rọ̀ láti òkèèrè. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tá a jọ jáde ilé-ìwé, gbọ̀ngàn kan ní Òkèfìà, l'Óṣogbo, la ti ń ṣèpàdé. Lọ́dún tó kọjá, àbúrò wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Toronto fẹ́ ti ọ̀hún bá wa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, lórí Zoom, ètò tí wọ́n fi ń ṣèpàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Níparí oṣù kẹwàá, a jọ dán Zoom wò. Ohùn já gaara, slide (àwọn ojú ìwé tó fẹ́ fi hàn wá) hàn, ọkàn mi balẹ̀.

Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, aago 4 ìrọ̀lẹ́ lù, a ò rí i. Mo pè é. "Ẹ̀gbọ́n, aago 10 àárọ̀ ló lù níbí o! Ṣebí 11 lẹ ní?" Wọ́n ti dá aago wọn padà sẹ́yìn ní Sunday àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá. Wákàtí 5 tá a fi ń ṣíwájú wọn ti di 6.

Kọ̀ǹpútà tá a fi dánwò wà níbi iṣẹ́, ló bá gbé kọ̀ǹpútà Mac ìyàwó ẹ̀. Bó ṣe fẹ́ fi slide hàn, Mac ní kó kọ́kọ́ gbàyè nínú settings, kó wá pa Zoom, kó tún un ṣí. Ó jáde. Ìgbà tó padà dé ẹnu ọ̀nà Zoom, èmi tó yẹ kí n ṣílẹ̀kùn fún un ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́. NEPA ti ṣe tiwọn.

Iná dé, ó wọlé, gbọ̀ngàn bá ń hu fíìì! Bàbá kan níwájú ti fi fóònù tiwọn wọ ìpàdé kan náà, wọ́n gbé e lé orókùn, ohùn ẹ̀ ròkè lala. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ dáadáa ni.

Ní báyìí, bó o bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ láti òkèèrè, ẹ̀rọ tó o máa lò gan-an la ó fi dánwò, tí ìpàdé bá ku ọ̀la, níbi tó o máa jókòó sí. Slide rẹ á ti wà lọ́wọ́ mi lórí WhatsApp. Ìwọ ṣáà máa ní "ó kàn", èmi á ṣí èyí tó tẹ̀ lé e.

*

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Ní tiwa, Zoom ọ̀fẹ́ la lò, a ò rántí pé ìṣẹ́jú 40 ni. Ó pé, ó lé gbogbo wa síta. Olùbánisọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kí àwọn tó wà lórí pèpéle tán ni.