Ẹ gbà mí o: téṣọ̀n Dùgbẹ̀ kékeré tí mò ń kọ́ kò jọ Dùgbẹ̀

Àlàdé Manchester:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n kọ́ àwòṣe kékeré téṣọ̀n rélùwéè Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, kí ọkọ̀ kéékèèké máa wọlé kó máa jáde níbẹ̀, bí àwọn òyìnbó àdúgbò mi ṣe ń kọ́ tiwọn sí yàrá òkè. Ẹni tó ta irin fún mi fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí téṣọ̀n tí irin náà ò bá mu. Mo sanwó. Ìyàwó mi ní owó ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo fi ra ohun ìṣeré ọmọdé, láti ìgbà náà ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ní kí n sanwó tán kí òun tó fọwọ́ kan pákó, bí ẹni pé àjèjì ni mí. Mo wá to gbogbo rẹ̀ tán, irin, pèpéle, ilé tí mo fi páálí gé. Mo gbé fọ́tò tí bàbá mi yà níbẹ̀ ní 1967 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò jọ ọ́ rárá! Irin fẹ̀ gbàgàdà, ó dà bí ìgbà tí ọmọdé wọ ṣòkòtò bàbá rẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Ẹ má sọ pé kí n tà á o.

Ọmọ Ayépé:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ti ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ kọ ti àna yín, ẹ ò kọ ìwọ̀n kankan. Ìdá mélòó lẹ fi dín in kù? Irin yín, mìlímítà mélòó? Yàrá yẹn ńkọ́, báwo ló ṣe tóbi tó?

Ìyá Ẹlẹ́kọ:
Ẹ rán mi létí nǹkan o. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Òṣogbo la ti máa ń wọkọ̀ lọ sí Èkó. Á dúró n'Ìbàdàn títí, wọ́n á máa já ẹrù, wọ́n á máa di òmíràn. Tó bá ti ń sún mọ́ Lafẹ́nwá l'Abẹ́òkúta, àwọn ọlọ́jà á ti na igbá mọ́ínmọ́ín dé ojú fèrèsé. Ọ̀kan wà tó ń wá ṣénjì mi nínú ìró rẹ̀ tí ọkọ̀ fi ṣí. Ó sáré, sáré, kò bá a. Ẹ má gbàgbé àwọn ọlọ́jà lórí pèpéle yín. Ní ti irin, mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Bọ̀dá Ṣàgámù:
Ẹ lọ bẹ ìyàwó yín ná. Àgbàlagbà wo ló ń fi ọkọ̀ ojú irin ṣeré?

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta:
Ìwọ tó ń wo bọ́ọ̀lù títí di ọ̀gànjọ́ ńkọ́? Àlàdé, gbọ́ mi. Irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò láti Èkó ní 1896, tí wọ́n ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, irin tóóró ni. Mìlímítà 1067 ló wà láàárín irin kan sí èkejì. Ti téṣọ̀n Mọ́níyà n'Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 ló fẹ̀ tó 1435, bíi ti England. Ti England yẹn náà ni wọ́n fi ń wọn irin tí wọ́n ń tà níbẹ̀ fún yín.

Àlàdé Manchester:
Ẹ ṣé, sà. 1:76 ni mo fi kọ́ ọ, ìyẹn mìlímítà kan dípò 76, irin jẹ́ mìlímítà 16.5, bí gbogbo ará ibí ṣe ń ṣe é. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Bọ̀dá Ṣàgámù, mi ò bi yín.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta:
Ó burú. Pín 1067 sí ọ̀nà 76, wàá rí mìlímítà 14. Tìrẹ fi méjì àbọ̀ lé. Ohun tí ojú rẹ ń rí nìyẹn. Má ju irin nù, ilé ni kó o yí. Fi 1:64 kọ́ ọ: 16.5 lọ́nà 64, 1056 ni, ó ku 11 péré kó pé. Bẹ́ẹ̀ làwọn kan ń ṣe ní New Zealand, torí 1067 ni irin tiwọn náà. Ọ̀pọ̀ mọ́tò Hot Wheels tọ́mọ fi ń ṣeré sì sún mọ́ 1:64, o ti rí mọ́tò tí wàá tò síwájú téṣọ̀n.

Ọmọ Ayépé:
Ẹ̀gbọ́n, 1:64 á gba ààyè púpọ̀ jù. Kọ́ọ̀ṣì tó gùn ní mítà 20 á di sẹ̀ǹtímítà 31. Kó ra irin mìlímítà 12 tí ilé iṣẹ́ Peco ń tà, kó fi 1:87 kọ́ ọ, kọ́ọ̀ṣì kan náà ò ní ju 23 lọ.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta:
Kó tún ra irin mìíràn? Ṣé ìwọ lo máa bá a dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀?

Bọ̀dá Ṣàgámù:
Ohun tí mo sọ náà nìyẹn.

Àlàdé Manchester:
Irin ò ní yí. Mo gbà pé kí n tún ilé gé. Ṣùgbọ́n Cocoa House gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, mo ti ra páálí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó jọ River class, ẹ́ńjìnnì rélùwéè tí ilé iṣẹ́ Vulcan Foundry ṣe, náà ń bọ̀, ìyẹn ni bàbá mi dúró tì nínú fọ́tò.

Ọmọ Ayépé:
Cocoa House tó ga ní mítà 105! Ní 1:64, á ga tó sẹ̀ǹtímítà 164. Ó ju ìyàwó mi lọ. Ẹ yà á sára pákó ẹ̀yìn, tàbí kẹ́ ẹ fi 1:150 ṣe é kó jìnnà sẹ́yìn, á wá sí 70. Ní ti ìwọ̀n téṣọ̀n fúnra rẹ̀, Google Earth ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn nǹkan, màá bá yín wọn òrùlé àti pèpéle. Fún gíga, ẹ lo ilẹ̀kùn inú fọ́tò, ẹ kà á sí mítà méjì.

Àlàdé Manchester:
Á dáa kẹ́ ẹ tètè wọ̀n ọ́n o, torí inú oṣù Kẹjọ ni mo fẹ́ gbé e lọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, fún àpéjọ ẹgbẹ́ ọmọ Ìbàdàn.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta:
Gbé kí ni lọ? Báwo ni pákó yẹn ṣe tóbi tó?

Àlàdé Manchester:
Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́rin. Odidi kan ni. Ó wà ní yàrá òkè.

Ọmọ Ayépé:
Há! Látòkè?

Ìyá Ẹlẹ́kọ:
Ṣé ojú fèrèsé ni yóò gbà jáde ni?

Àlàdé Manchester:
A máa dà á sí ẹ̀gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe gbé e wọlé.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta:
Pákó lásán lẹ gbé wọlé. Ní báyìí, ilé, wáyà àti ọlọ́jà ló wà lórí rẹ̀, àtẹ̀gùn sì tún yí. Kó o tó lẹ ohunkóhun mọ́ ọn, là á sí mẹ́rin, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí méjì, kí ọkọ̀ rẹ lè gbà á. Fi bóòtù àti nọ́ọ̀tù dè wọ́n pọ̀ lábẹ́. Níbi tí pákó ti pàdé, kan skrúù bráàsì sábẹ́ irin, kó o jó irin mọ́ ọn kó má baà yẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o tó gé irin gan-an. Wáyà ní tirẹ̀, fi pílọ́ọ̀gì so ó.

Àlàdé Manchester:
Mo ti pe káfíńtà. Ó tún bèèrè owó mìíràn, ó ní lílà kò sí nínú àdéhùn wa. Cocoa House ṣì ń lọ o, mo máa fi 1:150 ṣe é. Ọmọ Ayépé, mò ń retí ìwọ̀n òrùlé.

Ìyá Ẹlẹ́kọ:
Ẹ ra ẹ̀rọ ìfọṣọ yẹn ná.