Afárá Jẹ́bà kì í ṣe «àdìrin»

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n wa kọ lánàá lórí afárá réluwé Jẹ́bà ni mo fẹ́ fèsì sí. Wọ́n ní kí a máa pe irú afárá bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n fi ọ̀pá irin tó dábùú ara wọn ṣe, ní «afárá àdìrin», torí pé «bí a ṣe ní àdìrẹ náà la ṣe lè ní àdìrin». Rárá o!

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló wà nínú àdìrẹ: a dì í, a rẹ ẹ́. Irin kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ bá sì gba ọ̀rọ̀-orúkọ ní àbọ̀, ohùn àárín ló ń dà: di ẹrù, di irun, ra ẹran. «Àdirin» ló yẹ kí wọ́n kọ, bí a bá tiẹ̀ fẹ́ gbà á.

Èmi ò sì gbà á, nítorí ta ló di irin ní Jẹ́bà? Ẹ sún mọ́ afárá náà kí ẹ wo ibi tí ọ̀pá kan ti pàdé èkejì: orí ìṣó roboto-roboto ló tò síbẹ̀ bí hóró àgbàdo lára ṣúkù. Inú iná ni wọ́n ti ń yan irú ìṣó bẹ́ẹ̀ títí á fi pọ́n, kí wọ́n tó fi òòlù lù ú mọ́ irin. Bàbá tó bí bàbá mi ṣiṣẹ́ réluwé. Bí wọ́n bá ń ròyìn bí réluwé Èkó ṣe dé Jẹ́bà lọ́dún 1909, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e kọjá odò Ọya, wọ́n á ní «títí wọ́n fi kan afárá» lọ́dún 1916. Ẹ gbọ́ ohùn tó wà lórí «kan» yẹn: «kàn» ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà, àbọ̀ ló sọ ọ́ di «kan»! Àwọn baba wa ò jókòó ti ìwé gírámà kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n sọ.

Tèmi ni pé kí a pè é ní «afárá onígun». Irin tí a kàn ní igun mẹ́rin, bí ẹ bá tì í, á wọ́. Onígun mẹ́ta, irú èyí tí àwọn ọ̀pá tó dábùú ara wọn yẹn ń ṣe, kì í wọ́, àfi kí irin fúnra rẹ̀ tẹ̀ tàbí kó já, òun ló sì ń gbé gbogbo ẹrù réluwé. Ẹnì kan ní yóò jọ igún ẹyẹ. Ẹni tó bá ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kò ní ṣì í.

Ní ti ẹni tó ní ìlú Núpé ni Jẹ́bà, kí Yorùbá má dá sí i: Núpé ń gbé ibẹ̀, Yorùbá ń gbé ibẹ̀, odò kan náà ni wọ́n ń mu. Kí ló wá dé tí a ò ní fi èdè wa pe afárá?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí àwa kan. Bẹ́ẹ̀ ni, a sì bọ̀wọ̀ fún yín. Òfin ohùn yìí gan-an, irú yín ló fi kọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ àdìrin kúrò nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ tẹ̀ jáde.