Ọ̀rọ̀ eyín mi: ibi tí mo bá a dé

Ẹ kú ìmọ̀ràn o. Ẹ rántí pé mo béèrè ohun tí ǹ bá ṣe sí eyín iwájú mi tó kán létí, tí ìyókù sì pọ́n: ṣé fíníà (ìbòrí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú eyín) ni, àbí kí n sọ ọ́ di funfun, àbí kí wọ́n lẹ ibi tó kán.

Fíníà ló wù mí. Ṣùgbọ́n dókítà eyín ní àwọn máa ha lára eyín tó dá ṣáṣá kí àwọn tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, èyí tí wọ́n bá sì ha kì í hù mọ́. Tó bá lo ọdún 10 sí 15, wọ́n á tún pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní rárá.

Wọ́n kọ́kọ́ ha ìdọ̀tí eyín kúrò, ìyẹn nìkan ti mú púpọ̀ nínú pípọ́n yẹn lọ. Lẹ́yìn náà ni jẹ́ẹ̀lì tó ń sọ eyín di funfun, tí mo ń fi sí eyín sùn. Omi tútù ò ṣeé mu nígbà yẹn, á ta mí dé àtàrí! Títa yẹn lọ nígbà tí mo dá jẹ́ẹ̀lì dúró. Jẹ́ẹ̀lì kì í sọ kọ̀ǹpósíìtì (èròjà tí wọ́n fi ń lẹ ibi tó kán) di funfun, ìdí nìyẹn tí lílẹ̀ fi kẹ́yìn. Wọ́n tún ní kí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí àwọ̀ eyín lè dúró. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni dókítà ti fi àwọ̀ wé eyín mi kó tó mú ọ̀kan.

Ẹni tó ní kí n dí èjí mi, ẹ ṣeun, àmọ́ ó ṣì wà níbẹ̀ gbọin. Ìyá mi ò ní gbà.

Wọ́n ti kìlọ̀ pé n ò gbọdọ̀ fi eyín tí wọ́n lẹ̀ náà já ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye owó, kó bá mi sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀.