Ọmọ mi fẹ́ ka Urban Technology ní Michigan, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin tó máa jáde háísíkúù lọ́dún tó ń bọ̀ ní òun ò ṣe nọ́ọ̀sì mọ́, Urban Technology lòun fẹ́ kà ní University of Michigan. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ní ìwé kékeré kan nínú báàgì rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń kọ aago tí wọ́n ní bọ́ọ̀sì máa dé sí, àti aago tó dé gan-an. Eré ọmọdé ni mo pè é. Ẹ̀rù ń bà mí. Iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀? Owó rẹ̀ ńkọ́? Michigan níbí là ń gbé, mo ń tọ́jú àwọn arúgbó, bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fọkàn balẹ̀, mọ̀mí. Ẹ bi yunifásítì náà léèrè Go Blue Guarantee, ètò ìrànlọ́wọ́ owó ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn. Ọmọ Michigan tí owó tó ń wọlé fún ìdílé rẹ̀ lọ́dún ò ju $125,000 lọ, tí ohun ìní wọn náà ò tó iye yẹn, kò ní san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́rin. Owó yàrá àti oúnjẹ ò sí nínú ẹ̀ o. Ẹ tètè kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń béèrè ìrànlọ́wọ́ owó ẹ̀kọ́, kí ìwé owó orí yín wà nítòsí.

Bàbá Ṣọlá: Èmi ò fara mọ́ ọn. Kó ka Computer Science, iṣẹ́ ibẹ̀ la mọ̀.

Àbúrò yín, Ann Arbor: Ẹ má bínú sà, ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀. Wọ́n ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, wọ́n ń ya àwòrán, wọ́n sì ń kọ́ bí ìlú ṣe ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ bọ́ọ̀sì, omi, iná, máàpù, gbogbo ẹ̀ ló ń fẹ́ irú wọn. Ọdún 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ní Taubman College, ẹ̀ka yunifásítì náà tó ń kọ́ni ní yíya àwòrán ilé àti ètò ìlú. Mọ̀mí, Common App, ìkànnì tí wọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù yunifásítì, ni kó lò, kó sì mú Taubman College níbẹ̀. Kó fi í ránṣẹ́ kí November 1 tó kọjá. Wọ́n máa bi í ní ìdí tó fi yan kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, ìdáhùn ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 550 lọ. Ìwé bọ́ọ̀sì yẹn ni kó kọ nípa ẹ̀! Ọjọ́ kan, ibùdókọ̀ kan, ẹni tó dúró tì í.

Ọmọ Ìbàdàn: Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà nílé ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Yunifásítì yẹn kì í fún ọmọ òkèèrè tó ń ka dígírì àkọ́kọ́ ní owó ìrànlọ́wọ́ nítorí pé kò lówó. Kó gba JAMB, kó ka Urban and Regional Planning ní UNILAG tàbí FUTA, kó máa kọ́ QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, mọ́ ọn. Ọ̀fẹ́ ni QGIS.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni, Olúwa á gbọ́ tiyín náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀ ni. January 14: 7:05 ni wọ́n pè é, 7:41 ló dé. Lábẹ́ ẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé, “Màmá àgbà kan jókòó sórí yìnyín, kò sí bẹ́ǹṣì.” Mi ò mọ̀ pé ó ń wo àwọn èèyàn. Ibẹ̀ ni mo ní kó ti bẹ̀rẹ̀.