Kòrónà tún mú màmá mi lẹ́yìn abẹ́rẹ́: ṣé àjẹsára ara wọn ti tán ni?

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá: Ẹ kú ilé o. Kòrónà mú màmá mi ní 2021, wọ́n sì gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó pẹ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní áńtíbọ́dì wọn, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà, ti lọ sílẹ̀. Ló bá tún mú wọn: ikọ́, ara gbígbóná. Wọn ò dé ọsíbítù kí ara wọn tó yá, ṣùgbọ́n àbúrò mi ní abẹ́rẹ́ yẹn ò wúlò rárá. Ṣé kò sí ohun tó ń dáàbò bo màmá mọ́ ni?

Onílábù: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àníyàn màmá. Ó wà! Ara ò lè máa ṣe áńtíbọ́dì rẹpẹtẹ títí ayé. Kó dínkù lẹ́yìn oṣù mélòó kan kì í ṣe àìsàn. Iṣẹ́ áńtíbọ́dì ni kó bo spike, ìyẹn ṣóńṣó ara kòkòrò kòrónà tó fi ń di sẹ́ẹ̀lì wa mú. Bó bá dínkù, tàbí tí spike yẹn bá yí padà bíi ti Omicron, ẹ̀yà kòrónà kan, kòkòrò lè ráyè wọ imú. Ibẹ̀ ni ikọ́ màmá ti wá. Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì B, ọmọ ogun àjẹsára tó ti mọ̀ ọ́n rí, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe áńtíbọ́dì. Sẹ́ẹ̀lì T, ọmọ ogun àjẹsára mìíràn, ní tirẹ̀ ń wá sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ti wọ̀, ó ń pa á kó tó ràn dé ẹ̀dọ̀fóró. Àyẹ̀wò áńtíbọ́dì ò sì lè rí sẹ́ẹ̀lì T rárá! Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Singapore yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí SARS, àrùn tí kòkòrò tó jẹ́ ìbátan kòrónà ń fà, mú ní 2003 wò. Lẹ́yìn ọdún 17, sẹ́ẹ̀lì T wọn ṣì dá kòkòrò SARS mọ̀. Orí mi wú nígbà tí mo kà á.

Bàbá Adùnní: Dexamethasone là ń rà ní kẹ́mísítì ládùúgbò wa tí ikọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó ń ran sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí lọ́wọ́?

Onílábù: Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ má lò ó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣe ló ń dá àjẹsára ara lọ́wọ́ kọ́. Àwọn kan wà tí àjẹsára tiwọn ń jà kọjá ààlà, tó fi ń ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Àwọn tó ti wà lórí ọ́síjìn nínú wọn ni ìwádìí RECOVERY ní Britain fi hàn ní oṣù kẹfà 2020 pé oògùn yìí ń dín ikú wọn kù. Ẹni tí kò nílò ọ́síjìn ò rí àǹfààní kankan níbẹ̀. Ìgbà tí ikọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ara nílò àjẹsára rẹ̀ jù.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára màmá. Ṣé kí wọ́n tún gba abẹ́rẹ́?

Onílábù: Ẹ bi dókítà wọn, àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára àwọn tó yẹ kó gba àfikún. Tí kòrónà bá tún mú wọn tí wọn ò sì lè mí dáadáa, ẹ gbé wọn lọ ọsíbítù lójú ẹsẹ̀.