Èsì: “Agbakálísíọ̀mù” kọ́, “atọ́wò” ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Súrùlérè ní kí a máa pe rísẹ́pítọ̀, ìyẹn purotéènì ara sẹ́ẹ̀lì, tó ń mọ bí kálísíọ̀mù ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ ní “agbakálísíọ̀mù”. Wọ́n tún ní bó bá ti gba kálísíọ̀mù yó, egungun á le. Ẹ má bínú o, “gbà” yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Rísẹ́pítọ̀ yìí kì í gba nǹkan kan pamọ́. Ara sẹ́ẹ̀lì ló wà, orí rẹ̀ yọ síta, kálísíọ̀mù á fara kàn án, á sì tún kúrò. Alásè tó kán ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, tó lá a kó lè mọ̀ bóyá iyọ̀ tó, kò tíì jẹun. Àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó kò jẹ́ pe onítọ̀hún ní agbọbẹ̀ láé. Ó tọ́ ọbẹ̀ wò ni.

Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti hàn jù ni paratáírọ́ọ̀dù, àwọn kókó wẹ́wẹ́, mẹ́rin lọ́pọ̀ ìgbà, tó wà lẹ́yìn táírọ́ọ̀dù lọ́rùn. Bí kálísíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ bá wà láàárín nǹkan bíi 8.5 sí 10.5 mílígíráàmù nínú 100 mílílítà, ara balẹ̀. Bó bá wálẹ̀, rísẹ́pítọ̀ á dákẹ́, paratáírọ́ọ̀dù á tú họ́mọ̀nù rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀: kíndìnrín á dá kálísíọ̀mù tó fẹ́ bá ìtọ̀ lọ padà, egungun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè, á máa tú kálísíọ̀mù tirẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdá 99 nínú 100 kálísíọ̀mù ara, inú egungun àti eyín ló wà. Ọmọ tó ń mu ògì lásán láàárọ̀ lálẹ́, tí kò rí wàrà, tí kò rí ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń jẹ teegunteegun, gbèsè yìí ló ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, bí oòrùn Èkó tilẹ̀ ń pa á lójoojúmọ́.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn Edward Brown àti Steven Hebert pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Boston, Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ yọ jíìnì rísẹ́pítọ̀ yìí jáde lọ́dún 1993, láti ara paratáírọ́ọ̀dù màlúù. Ìdílé kan náà sì ni òun àti rísẹ́pítọ̀ tí ahọ́n fi ń mọ adùn ṣúgà. Ẹ ò rí i pé ìtọ́wò gan-an ni?

Ẹ kíyè sí àmì ohùn o. “Tọ́”, ohùn òkè. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ẹlòmíì á kà á sí àtọ̀.

— Láti Èbúté-Mẹ́ta

*

Àbúrò, ṣé ìpamọ́ nìkan ni “gbà”? A ń gba ìròyìn, a ń gba lẹ́tà. “Tọ́wò” sì ń pínyà: a kì í sọ pé “tọ́wò ọbẹ̀”. Ibo lẹ máa fi kálísíọ̀mù sí? Àti pé “kàlíṣíọ̀mù” ni àwọn olùkọ́ àtijọ́ ń pè é, ẹ tún un kọ.

— Súrùlérè

*

Àárín ni à ń fi í sí: atọ́kálísíọ̀mùwò, bí a ṣe ní agbẹjọ́rò àti amúnisìn. Ó gùn, ṣùgbọ́n ó tọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ibi tí “gbà” ti máa ṣini lọ́nà. Àwọn kan jogún rísẹ́pítọ̀ tí kò tètè mọ ìtọ́wò. Kálísíọ̀mù ti pọ̀ jù lẹ́jẹ̀ wọn, síbẹ̀ rísẹ́pítọ̀ náà ń sọ pé kò tíì tó. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń bá ìtọ̀ wọn jáde. Bí dókítà kò bá wọn kálísíọ̀mù inú ìtọ̀ kó tó ṣe iṣẹ́ abẹ, á gé paratáírọ́ọ̀dù lásán. Ṣé “kò gba kálísíọ̀mù” la máa kọ sílẹ̀ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá kà á á lọ ra oògùn kálísíọ̀mù fún un.

Bí ẹ bá ń wá ohun tó ń gbà á lóòótọ́, ẹ lọ wo ilé àyẹ̀wò. EDTA, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tó wà nínú tùúbù ọlọ́mọrí elésè àlùkò máa ń di kálísíọ̀mù mú, èsì á wálẹ̀ lórí irọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí okùn pẹ́ lápá kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ń gbé e ga lórí irọ́. EDTA yẹn ni “agbakálísíọ̀mù”, ẹ fi orúkọ náà fún un.

Ti “kàlíṣíọ̀mù”, mi ò tíì fara mọ́ ọn.

— Ìdí-Àràbà